Pè É, Tún Un Pè

Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà “àpètúnpè” palẹ̀, ẹ ó rí i pé ohun tó ń wí gan-an ló ń ṣe. “Pè” ló ṣíwájú, “tún” tẹ̀ lé e, “pè” kejì dé, àfòmọ́ “à” tó wà níbẹ̀rẹ̀ sì sọ gbogbo rẹ̀ di orúkọ. Kò sí bí èèyàn ṣe lè dárúkọ rẹ̀ láì pe “pè” lẹ́ẹ̀mejì. Àsọtúnsọ, àwítúnwí, àṣetúnṣe àti àkàtúnkà kò yàtọ̀: ìṣe tí a ń tún ṣe ló dúró ní ìhà méjèèjì, “tún” ló là wọ́n láàárín. Àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá ti pín iṣẹ́ fún méjì nínú wọn. Àwítúnwí ni wọ́n ń pe ti akéwì tó ń wí gbólóhùn kan náà ní ìlà kejì àti ìkẹta kí ọ̀rọ̀ lè wọni lára. Àpètúnpè ní tirẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ inú gírámà: a mú ọ̀rọ̀ kan, tàbí apá kan nínú rẹ̀, a tún un pè, ọ̀rọ̀ mìíràn sì jáde. Òun ni orí ìwé yìí fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí pé ó wọ́pọ̀ lẹ́nu wa débi pé etí kì í fiyè sí i mọ́.

Kì í ṣe gbogbo èdè ló ń sọ ọ́ báyìí. “Repeat” tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò, ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ni wọ́n ti yá a, àwọn Faransé sì jogún rẹ̀ láti inú Látìn, níbi tó ti jẹ́ “repetere”. “Petere” ni kí a lépa nǹkan, kí a kọjú sí i, kí a tilẹ̀ kọ lù ú. “Re” tó wà níwájú rẹ̀ ní kí a padà lọ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń tún ọ̀rọ̀ sọ ní Látìn jẹ́ ẹni tó tún gbéra lé e. Èdè Lárúbáwá kò bá Látìn tan rárá, síbẹ̀ “takrār” tí wọ́n ń pe àsọtúnsọ bá “karra” tan, èyí tí í ṣe kí jagunjagun yíjú padà kó tún kọ lu ọ̀tá. Ojú ogun ni àwọn méjèèjì ti mú àpèjúwe wọn. Ti Lárúbáwá tilẹ̀ tún fi ohun kan kún un: gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà, k-r-r, ní kọ́ńsónáǹtì kan náà lẹ́ẹ̀mejì ní ìparí. Nínú èdè Haúsá, “maimaita” ni kí a tún nǹkan sọ tàbí kí a tún un ṣe, “mai” méjì ló sì wà nínú rẹ̀ gbangba. Ti Yorùbá kò mú ogun wọ̀ ọ́, kò sì so ara rẹ̀ mọ́ ìṣe kan ṣoṣo. Ìṣe yòówù tí ẹ bá fi sí ìhà méjèèjì “tún”, òun ni a tún ṣe.

“Tún” wá ni kókó. Tó bá ṣíwájú ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn, lẹ́ẹ̀kan sí i ni ìtumọ̀ rẹ̀: ó tún dé, ó tún béèrè, òjò tún rọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá pàdé “ṣe”, ọ̀rọ̀ là sí méjì. “Tún un ṣe” lè jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ padà sídìí iṣẹ́ tó kùnà. Ó sì lè jẹ́ kí mẹkáníìkì mú ọkọ̀ tó bàjẹ́ kó sọ ọ́ di rere. Kò sí mẹkáníìkì tó ń ṣe ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ṣe ló ń mú un padà sí bó ṣe yẹ kó wà. Àtúnṣe òfin, àtúntò ìjọba, àtúnyẹ̀wò ìdájọ́, ìyàwó tó ń túnra ṣe níwájú dígí, gbogbo wọn ló dúró lórí ìtumọ̀ kejì yìí, tàbí kí wọ́n fi ẹsẹ̀ kan sí ìkọ̀ọ̀kan. N kò gbà pé èèṣì ló kó ìtumọ̀ méjèèjì jọ sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan. Ẹni tí ohun tó kọ́kọ́ ṣe bá tẹ́ lọ́rùn kì í dáwọ́ lé e mọ́. Ṣíṣe ẹ̀ẹ̀kejì ti ní ìrètí pé yóò sàn ju ti àkọ́kọ́ nínú. Àwọn orúkọ wa náà mọ ìyàtọ̀ yìí. Ọmọkùnrin tí a bí lẹ́yìn ikú bàbá àgbà ń jẹ́ Babátúndé, obìnrin tó dé lẹ́yìn ikú ìyá àgbà ń jẹ́ Yétúndé, síbẹ̀ kò sí ẹbí tó máa gbé oyè bàbá àgbà lé ọmọ náà lórí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Wọ́n gbà pé ó tún dé, wọ́n sì mọ̀ pé ọmọ tuntun ni.

Níbi tí mo ti dárúkọ tuntun yìí, ó yẹ ká ṣọ́ra. Ó rọrùn láti sọ pé “tuntun” náà inú “tún” ló ti wá, pé ohun tí a tún ṣe ló ń di tuntun. Àlàyé náà dùn, àmọ́ ohùn kò gbà á. Ohùn òkè ló wà lórí “tún”. Ohùn àárín ló wà lórí “tuntun”, àti lórí “titun” tí àwọn mìíràn ń pè é. Nínú èdè tí ohùn nìkan ti ń la igbá àti igba láàárín, a kò lè fojú fo irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ kìkì nítorí pé ìtumọ̀ wọn fẹ́ bára mu. “Ọ̀tún”, ìdàkejì òsì, ní ohùn òkè tó bá “tún” mu ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ kò so wọ́n pọ̀. Ìró nìkan kò tó, ìtumọ̀ nìkan kò tó; púpọ̀ nínú ìtàn orírun ọ̀rọ̀ tí à ń gbọ́ kiri, ọ̀kan nínú méjèèjì ló gbára lé.

Ìtumọ̀ méjì tó wà nínú “tún” ló ṣí ọ̀nà fún ohun tí mo fẹ́ sọ nípa àpètúnpè lápapọ̀: nínú èdè, ẹ̀dà kì í ṣe ẹgbẹ́ ohun tí a dà á kọ. Bí a bá pe ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì, kì í ṣe méjì nínú ohun kan náà la ní lọ́wọ́, ohun kẹta ni. Kò síbi tí èyí ti hàn tó inú òǹkà. Ká sọ pé ọmọ mẹ́wàá jókòó tí a sì fẹ́ pín ọsàn fún wọn. Bí a bá fún wọn ní ọsàn méjìméjì, ọsàn 20 ló lọ. Bí a bá fún wọn ní ọsàn méjèèjì, ọsàn 2 péré ló lọ, àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni yóò sì jọ pín in. Inú “méjì” ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti jáde, àpètúnpè ló sì bí wọn. Ọ̀kan pe gbogbo ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ń pín nǹkan káàkiri. Èkejì tún apá kan pè, ó fa fáwẹ̀lì gùn, ó ń kó nǹkan jọ. Bákan náà ni mẹ́tamẹ́ta rí sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àti mẹ́rinmẹ́rin sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bó bá ṣe pé ìlọ́po lásán ni àpètúnpè, méjìméjì ì bá jẹ́ mẹ́rin. Pípe apá kan yìí la tún fi ń ka ìgbà tó ń yí po: ọdún di ọdọọdún, oṣù di oṣooṣù, ọ̀sẹ̀ di ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, alẹ́ di alaalẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó túmọ̀ sí ọdún méjì tàbí oṣù méjì.

Orúkọ iṣẹ́ gba ọ̀nà tirẹ̀. Ẹ pe “pa iná” lẹ́ẹ̀mejì, panápaná dé. Ja ogun di jagunjagun, gbẹ́ ọnà di gbẹ́nàgbẹ́nà, gbé ọmọ di gbọ́mọgbọ́mọ, wo ilé di wolé-wolé, òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tó máa ń yẹ ìkòkò omi wò nílé onílé láyé ìjọba òyìnbó. Kọ́ ilé di kọ́lékọ́lé, kó ilé di kólékólé. Àmì kékeré tó wà lábẹ́ “ọ” nìkan ló la ẹni tó ń kọ́lé àti ẹni tó ń kó o láàárín. Ẹ wá gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn orúkọ tí àfòmọ́ “a” ṣẹ̀dá. Ẹni tó pa ènìyàn kan ṣoṣo, lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ti di apànìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó da iyẹ̀pẹ̀ lé iná tó fẹ́ jó ilé ìdáná rẹ̀ kò tíì di panápaná, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá aládùúgbò rẹ̀ jà kò di jagunjagun. Lóòótọ́, “a” náà lè dá orúkọ iṣẹ́, bí apẹja àti akọ̀wé, àmọ́ kò béèrè iye ìgbà. Àpètúnpè ń béèrè. Ẹnìkan lè bi mí léèrè pé kólékólé tí ọwọ́ tẹ̀ ní alẹ́ àkọ́kọ́ tó jáde ńkọ́? Òótọ́ ni, kólékólé la ó pè é. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn ni orúkọ náà jẹ́: àwọn tó mú un kò gbà pé alẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ìdájọ́ irú èyí tún fara hàn níbi tí “kí” ti wọ àárín ọ̀rọ̀-orúkọ àti ẹ̀dà rẹ̀. Ẹni di ẹnikẹ́ni, ohun di ohunkóhun, ibi di ibikíbi. Ìtumọ̀ wọn ni pé a kò ṣà, a kò yàn: èyí tó bá wá, kó máa bọ̀. Síbẹ̀ bí a bá gbọ́ pé ẹnìkan kó ọmọkọ́mọ wọlé, tàbí pé ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀, a kì í rò pé ọmọ èyíkéyìí tàbí ọ̀rọ̀ èyíkéyìí ni. Ọmọ burúkú ni, ọ̀rọ̀ burúkú ni. Báwo ni “èyíkéyìí” ṣe di “burúkú”? Ìdáhùn tèmi ni pé níbi tí yíyàn bá ti jẹ́ àmì ìwà ọmọlúàbí, ohun tí a kò yàn kò lè níyì. Ìjẹkújẹ kò dárúkọ oúnjẹ kan pàtó. Jíjẹ láì yàn ni, ìdí nìyẹn tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń kìlọ̀ rẹ̀ fún aláìsàn. Láàárín ọ̀rọ̀ àti ẹ̀dà rẹ̀, ojú ìwòye àwùjọ ti bá ibẹ̀ wọlé.

Èyí tó wù mí jù nínú gbogbo ẹ̀rí wọ̀nyí ni ti ohùn. Nínú kíákíá, dáadáa, wéréwéré àti díẹ̀díẹ̀, ẹ̀dà tẹ̀ lé àkọ́kọ́ láì yẹsẹ̀: kọ́ńsónáǹtì kan náà, fáwẹ̀lì kan náà, ohùn kan náà. Nǹkan tó ń lọ bó ṣe yẹ ni àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sábà máa ń sọ. Ẹ wá gbọ́ játijàti, rádaràda, pálapàla, wúruwùru, gbágungbàgun, kọ́lọkọ̀lọ. Kọ́ńsónáǹtì kò yí padà, fáwẹ̀lì kò yí padà, ohùn ló já: òkè ni ọ̀rọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, ìsàlẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀ nígbà kejì. Kí ni wọ́n túmọ̀ sí? Ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ kò tọ́, ilẹ̀ gbágungbàgun kò tẹ́jú, iṣẹ́ wúruwùru kò létò, ọ̀rọ̀ pálapàla kò nítumọ̀. Ẹ̀dà tó ṣìnà ń sọ nípa nǹkan tó ṣìnà. Kì í ṣe òfin tí kò ní àyàfi, a ó sì rí ọ̀rọ̀ tó rí báyìí tí kò burú. Ṣùgbọ́n àwọn tó burú pọ̀ ju ohun tí a lè pè ní èèṣì. Bí ẹ̀dà àti ohun tí a dà á kọ bá jẹ́ ọ̀kan náà lójú èdè, kò ní sí ààyè láàárín wọn tí irú ìtumọ̀ yìí lè gbà wọlé.

Atakò tó ti pẹ́ jù lọ sọ pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni gbogbo rẹ̀, pé èdè tó bá ti dàgbà ti bọ́ ọ sílẹ̀ bí aṣọ tó ti kúrú. Ní ọ̀rúndún 19, àwọn òǹkọ̀wé kan ní Yúróòpù ka àpètúnpè mọ́ àmì èdè tí kò tíì lajú. Orí ń gbé wọn lọ ni, nítorí pé ní ilẹ̀ Jámánì níbẹ̀, lọ́dún 1862, August Friedrich Pott ti tẹ odidi ìwé kan jáde tó fi sọ pé ìlọ́po yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn irinṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù lọ tí èdè fi ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Àwọn èdè tí wọ́n ń jọ́sìn fún gan-an kún fún un. Ní Látìn, “curro” ni mo ń sáré. “Cucurri” ni mo ti sáré. Ní Gíríìkì àtijọ́, “leípo” ni mo ń fi sílẹ̀. “Léloipa” ni mo ti fi sílẹ̀. Nínú èdè ìṣáájú tí Látìn, Gíríìkì, Sanskrit àti Gẹ̀ẹ́sì ti ṣẹ̀ wá, ọ̀rọ̀-ìṣe kan wà tó túmọ̀ sí kí nǹkan yí. Àwọn onímọ̀ fi ìfiwéra tún gbòǹgbò náà kọ báyìí: kʷel. Wọ́n tún kọ́ńsónáǹtì rẹ̀ pè, ó di kʷekʷlo, ohun tó ń yí tó tún ń yí. Inú rẹ̀ ni “cakra” ti Sanskrit ti jáde, àti “kyklos” ti Gíríìkì, àti “wheel” ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá pe “bicycle” lónìí, àpètúnpè tó ti pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ló wà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí Carl Rubino yẹ èdè tó lé ní 300 wò fún ìwé atọ́nà àgbáyé lórí ìṣesí èdè tó jáde lọ́dún 2005, púpọ̀ jù lọ nínú wọn ló ń fi àpètúnpè ṣiṣẹ́. Ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tó ti ṣọ̀wọ́n. Àwọn tó ń pè é ní nǹkan ọmọdé, àdúgbò tiwọn ni wọ́n fi ń wọn ayé.

Àlàyé kejì kì í ṣe ti òmùgọ̀ rárá. Edward Sapir, onímọ̀ èdè ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ lọ́dún 1921 pé iṣẹ́ àpètúnpè hàn lójú ara rẹ̀: ọ̀pọ̀, ìṣe àṣetúnṣe, ìṣe tó ti mọ́ni lára, kí nǹkan pọ̀ sí i. Ìró pọ̀, ìtumọ̀ náà pọ̀, ọ̀rọ̀ tán. Ó bá panápaná mu, ó bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún mu, ó bá gbogbo ọ̀rọ̀ ìgbà tí mo tò sókè mu. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, kí la tún ń wá “ohun kẹta” sí? Ìṣòro àlàyé náà ni pé kò dé ibi gbogbo. Nínú èdè Ṣáínà ti Mandarin, “kàn” ni kí a wo nǹkan. Bí wọ́n bá pè é lẹ́ẹ̀mejì, “kànkan”, kí a wò ó fìrí ni, wíwò tó dín kù. Nínú èdè Indonéṣíà, “orang” ni ènìyàn, “orang-orang” ni ọ̀pọ̀ ènìyàn, Sapir sì jàre níbẹ̀. Ṣùgbọ́n “mata” ni ojú, “mata-mata” sì ni amí. “Kuda” ni ẹṣin, “kuda-kuda” sì ni igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí káfíńtà ń gbé pákó lé. Nígbà kan, àwọn ará Indonéṣíà máa ń kọ ìlọ́po yìí pẹ̀lú nọ́ńbà, “orang2”, kí ó má baà gba àyè, títí tí àtúnṣe ìlànà ìkọ̀wé ọdún 1972 fi fòpin sí i. Nọ́ńbà náà rọrùn, àmọ́ irọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, torí pé amí kì í ṣe ojú ìlọ́po méjì.

Ibi tí wọ́n ti lè ká mi mọ́ jù ni “jíjẹ”. Jẹ di jíjẹ, lọ di lílọ, sùn di sísùn, rà di rírà. Níbo ni ọ̀pọ̀ wà nínú ìyẹn? Níbo ni àṣetúnṣe wà? Kò sí, èèyàn lè sọ̀rọ̀ nípa kíkú, tí a kì í kú lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbà, mo sì rò pé Sapir ni atakò yìí bá wí. Iṣẹ́ tí ẹ̀dà ń ṣe níbí ni pé ó sọ ìṣe di ohun tí a lè dárúkọ, tí a lè gbé síwájú gbólóhùn, tí a lè rà tàbí kọ̀. Nígbà tí ẹnìkan bá sì sọ pé “rírà ni mo rà á”, ohun tó ń sọ ni pé òun kò jí i, wọn kò sì fi ta òun lọ́rẹ. Ìtumọ̀ yẹn kò sí nínú “mo rà á” nìkan. Ẹ tún wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Kọ́ńsónáǹtì àkọ́kọ́ nìkan la tún pè, “í” sì tẹ̀ lé e ní gbogbo ìgbà, ohun yòówù kí fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Gbà di gbígbà, kì í di gígbà, torí náà etí ọmọ Yorùbá mọ̀ pé ìró kan ṣoṣo ni “gb”, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà méjì la fi ń kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí a yá náà kò bọ́: ẹni tó ń páàkì mọ́tò, pípáàkì ló ń ṣe. Kí ló dé tó jẹ́ “í”? Lọ́dún 1988, Douglas Pulleyblank ṣàlàyé pé nínú èdè Yorùbá, “i” ni fáwẹ̀lì tí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́ jù lọ, èyí tí èdè máa ń fà yọ nígbà tí àyè kan bá ṣófo tí kò sì sí ẹni tó ní in. Òun náà la fi la kọ́ńsónáǹtì tó bá fún mọ́ra nínú ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó: “glass” di gíláàsì, “brick” di bíríkì. Fáwẹ̀lì tó wà nínú gíláàsì àti èyí tó wà nínú jíjẹ, ìdí kan náà ló gbé wọn débẹ̀. Bákan náà ni “léloipa” àwọn Gíríìkì ṣe tún kọ́ńsónáǹtì nìkan pè tó sì fi “e” tí kì í yí padà tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó kọ́ ẹnìkejì lára wọn.

Ìbéèrè tó kù ni ìdí tí èdè tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí wọn kò mọra wọn rí, fi yan ọgbọ́n yìí. Ìwádìí lórí ọmọ ìkókó ti tan ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ síbẹ̀. Lọ́dún 2008, Judit Gervain àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe lára àwọn ọmọ tí kò ju bí ọjọ́ 2 tàbí 3 lọ. Ìmọ́lẹ̀ tí kò léwu ni wọ́n tàn sí orí wọn láti fi mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sí nínú ọpọlọ, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìró bíi “mubaba” àti ìró bíi “mubage”. Ọpọlọ àwọn ọmọ náà dáhùn ju ti ìyókù lọ nígbà tí sílébù méjì tó kẹ́yìn bá jẹ́ ọ̀kan náà. Nígbà tí ohun kan bá la ẹ̀dà náà láàárín, bíi “bamuba”, wọn kò fi ìyàtọ̀ kankan hàn. Ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀ sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ: Gary Marcus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn lọ́dún 1999 pé ọmọ oṣù 7, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 2 péré tó fi tẹ́tí, lè mọ “ga ti ga” yàtọ̀ sí “ga ti ti”, kódà bí wọ́n bá fi sílébù tí kò gbọ́ rí pààrọ̀ rẹ̀. Panápaná jọ èyí tí ọmọ ọjọ́ mẹ́ta lè gbọ́. Pè-tún-pè, tí “tún” là láàárín, jọ èyí tó ń dúró de oṣù mélòó kan. N kò sọ pé ọmọ ìkókó mọ gírámà. Ohun tí mo ń sọ ni pé etí tí a bí mọ́ wa ti ń ṣọ́ ìgbà tí ìró bá padà wá, èdè sì rí ohun èlò tó ti wà nílẹ̀, ó gbé e ṣiṣẹ́.

Irinṣẹ́ náà ní ààlà, ibi tí ó parí sí sì tún ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn. Bí èèyàn bá pe ọ̀rọ̀ kan lápètúnpè láì dánu dúró, yóò dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa ṣófo lẹ́nu rẹ̀, tó máa kù bí ariwo. Elizabeth Severance àti Margaret Washburn ti kọ nípa irú ìṣófo yìí lára ọ̀rọ̀ tí a tẹjú mọ́ pẹ́ lọ́dún 1907, Leon Jakobovits sì gbé ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ kà á ní yunifásítì McGill ní Kánádà lọ́dún 1962. Títún ọ̀rọ̀ pè láì dáwọ́ dúró kì í fi ìtumọ̀ kún ọ̀rọ̀. Ṣe ló ń jẹ ẹ́. Bóyá ìdí nìyẹn tí gírámà fi máa ń dúró sí ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mẹta wà, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n: nínú èdè Mokil, erékùṣù kan ní agbami Pàsífíìkì, “roar” ni kí ara gbọ̀n, “roarroar” ni kí ó máa gbọ̀n, “roarroarroar” ni kí ó máa gbọ̀n lọ láì dáwọ́ dúró. Tiwa náà lè pe kíá ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀márùn-ún lẹ́nu kọ̀ǹdọ́kítọ̀ tó ń kó èrò wọ ọkọ̀, gbogbo wa sì máa yára. Ṣùgbọ́n ìkánjú rẹ̀ nìkan ni kíá kẹta, ìkẹrin àti ìkarùn-ún ń sọ. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè ti parí sórí èkejì.